Oríkì Ọba Adàrúmátòrò, Olórí Omi Inú Gíláàsì ní Ṣáṣá

Kábíyèsí!
Adàrúmátòrò, ọba tí a ń fọ ààfin rẹ̀ tí ààfin kì í mọ́.
Afunfun-bí-omi-ògì, ọba tó gba pálọ̀ láìta ọfà, láìyin ìbọn.
Abo-ẹja-mọ́lẹ̀, aláṣọ funfun tí ẹnikẹ́ni ò ran, tí ẹnikẹ́ni ò hun.
A gbọ́n yín nù láàárọ̀, ẹ dé kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.
A fi kànrìnkàn họ ìtẹ́ yín lọ́sàn-án, ẹ tún un tẹ́ lóru.
A ra omi tuntun lọ́wọ́ mẹ́ruwà nítorí yín,
ẹ gba owó, ẹ gba omi, ẹ ò gba ìbáwí.
Adé á pẹ́ lórí, bàtà á pẹ́ lẹ́sẹ̀,
ìgbẹ́ ẹja á pẹ́ nísàlẹ̀ gíláàsì.

Àlímọ̀ṣọ́ gbòòrò, Kábíyèsí. Ìkọ̀tún ní ọjà tiẹ̀, Ìgándò ní èrò tiẹ̀, Ẹ̀gbẹ́dá ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tiẹ̀. Ṣáṣá ní tiwa ní ẹ̀yin. Nínú pálọ̀ tó ní àga onítìmùtìmù mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n kan àti gíláàsì ẹja olómi 60 lítà, kò sẹ́ni tó tó yín. Bí iná bá lọ, tẹlifíṣọ̀n á kú, fáànù á dúró, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó kù tí ẹ ó máa ṣiṣẹ́. Ìgbà tí iná bá lọ gan-an lẹ máa ń gbayì jù.

Wọ́n ní torí ẹwà ẹja ni Dádì ṣe ra gíláàsì náà. Ẹ dárí jì wọ́n, wọn ò mọ̀ pé ààfin ni wọ́n ń kọ́. Oscar méjì ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ẹja tí ìran rẹ̀ ti agbègbè odò Amazon wá, tó lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn sì máa ń ní kí á fún ẹyọ kan ṣoṣo ní omi bí 280 lítà. Dádì fi méjì sínú 60. Ọlá ńlá! Ọba wo ni wọ́n tún kọ́ ààfin fún, tí wọ́n sì kó àwọn tí yóò máa yàgbẹ́ fún un lójoojúmọ́ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà?

Àlejò dé, ó jókòó, ó na ọrùn. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹja wà nínú ẹ̀?” Kábíyèsí, ìbéèrè yẹn ni oríkì yín tó dùn mọ́ mi nínú jù. Gíláàsì tó mọ́ gaara kì í fún èèyàn ní nǹkan bèèrè. Wọ́n á wò ó, wọ́n á rí ẹja, wọ́n á yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Tiyín yàtọ̀. Òjìji kan kọjá, ìrù kan yọ, ó wọlé. Àlejò dìde, ó fi imú kan gíláàsì, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀. Ọba Yorùbá máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ adé bojú ara wọn nìkan. Ẹ̀yin fi ọlá yín bo ara yín, ẹ fi bo ìjòyè yín, ẹ fi bo ẹrú yín, ẹ fi bo òkúta tí wọ́n rà ní owó gọbọi.

Ọmọ Àjẹkù-oúnjẹ, ọmọ Ìgbẹ́-kò-kúrò.
Ọmọ amóníà tí imú ò tètè gbọ́ òórùn rẹ̀,
tí ẹja ti ń gbọ́ ọ nínú ẹ̀yà tí wọ́n fi ń mí.
Ọmọ àìmọye kòkòrò àìrí:
ojú ò rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan,
wọ́n para pọ̀, ojú ò rí nǹkan mìíràn mọ́.

Àwọn tí kò mọ ìtàn ń pè yín ní ìdọ̀tí. Ìlú tó kún fọ́fọ́ ni yín. Bí oúnjẹ bá ti jókòó sísàlẹ̀ tó ń rà, àwọn kòkòrò àìrí tó ń jẹ àjẹkù á yọ jáde, wọ́n á máa pín ara wọn sí méjì. Bí oúnjẹ bá pọ̀, tí omi sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyọ kan lè di méjì láàárín wákàtí kan. Ooru Èkó sì bá wọn lára mu. Ní ti àwọn ọ̀tá yín, àwọn alágbàṣe kékeré tó ń gbé inú fóòmù asẹ́ tó ń sẹ́ omi gíláàsì, tí wọ́n ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí wọ́n sì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, wọn ò yá ní bíbí rárá. Ó lè gba ẹyọ kan ju ìdajì ọjọ́ lọ kó tó di méjì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n sì ń fẹ́ kí wọ́n tó kún inú asẹ́ tuntun dáadáa. Ọmọ yín ń pọ̀ ní wákàtí, tiwọn ń pọ̀ ní ọjọ́. Ìdí rèé tí mo fi ń fi ọkàn balẹ̀ kì yín.

Ìran yín ti jọba kí a tó bí baba ńlá wa. Ní London, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà, kó ẹja góòlù méjì sínú ohun èlò gíláàsì pẹ̀lú ewéko inú omi. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ẹ bá dé, omi dàrú. Ọkùnrin náà lọ kó ìgbín omi wá. Ìgbín jẹ ewé tó rà, omi tòrò, ìtẹ́ yín sì ṣófo. Ní 1850 ló ròyìn ọ̀ràn náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1890, Sergei Winogradsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Zurich, tú àṣírí àwọn alágbàṣe tó ń jẹ amóníà, ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ayé mọ̀ wọ́n. Ọ̀dàlẹ̀ àgbà ni. Mo dúpẹ́ pé ìròyìn náà kò tíì dé pálọ̀ yìí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ki Ọ̀tún yín. Ọ̀tún Ọwọ́-kì-í-dilẹ̀, ọwọ́ tó ń jù, ọwọ́ tó ń wọ́n, ọwọ́ tí kò rí ẹja kó má rántí ebi! Dádì ju oúnjẹ sí ẹja láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde. Mọ́mì jù ú lọ́sàn-án torí wọn ò mọ̀ pé Dádì ti jù ú. Àwọn ọmọ jù ú bí wọ́n ti ń ti ilé ìwé dé. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù wá gba owó ilé, wọ́n rí ẹja tó ń yọ ẹnu wá sójú omi, àánú ṣe wọ́n, wọ́n já búrẹ́dì Agége sí i. Ìyá àgbà tó wá kí wọn láti ìlú ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run, ebi ń pa ẹja yìí,” wọ́n sì da ẹ̀kúnwọ́. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì péré ló tó wọn. Èyí tó kù, tiyín ni. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Inú àánú ni wọ́n ti ń san án, kò sí agbowó-orí tó tún rí irú rẹ̀ gbà.

Oscar mọ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Ó máa ń wá síwájú gíláàsì, á máa ju ìrù, á máa wo èèyàn lójú. Ó gbọ́n. Ọgbọ́n rẹ̀ ló fi ń sìn yín.

Ọba alárìnnàkò pẹ̀lú ọdún!
Ọdún yín kì í yẹ̀, Sátidé ni.
Sátidé tí wọ́n ń ká ṣòkòtò, Sátidé tí wọ́n ń gbé korobá,
Sátidé tí gọ́tà ojúlé ń mu omi ju ẹja lọ.

Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ti ń ṣe é! Ẹja lọ sínú korobá. Gbogbo omi inú gíláàsì lọ sí gọ́tà, kò ku ẹ̀kán. Wọ́n kó òkúta jáde, wọ́n fi bílíìṣì fọ̀ ọ́. Wọ́n wá yọ fóòmù inú asẹ́, fóòmù tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí àwọn alágbàṣe ti ń kọ́ ilé sí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dádì fún un, wọ́n tún un fún, wọ́n ki bílíìṣì bọ̀ ọ́, wọ́n fún un títí ó fi funfun ju ìgbà tí wọ́n rà á lọ. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n da omi tuntun sí i, ó ń dán, Dádì fi fóònù yà á, wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

Ẹ̀yin lọ, ẹ padà bọ̀. Àwọn alágbàṣe lọ, wọn ò bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, omi mọ́. Ọjọ́ Ajé, ojú omi ṣú díẹ̀, wọ́n ní ojú wọn ni kò ríran. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ti jókòó. Kò sí ẹni tó ń jẹ amóníà mọ́, oúnjẹ àti ìgbẹ́ sì ń bọ̀ bó ti ń bọ̀. Dádì wò yín, wọ́n kọ hàà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tí Sátidé yóò pé. Ìgbà wo ni ẹ ti rí ìlú tó ń lé ọba rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí lílé yẹn gan-an sì ni ìwúyè rẹ̀?

Kíkí tí àwọn ẹja ń kí yín ló tún ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Lóru, tí afẹ́fẹ́ inú omi bá ti dínkù nítorí àwọn ọmọ yín tó ń mí in, wọ́n á gòkè wá lápapọ̀. Ẹnu wọn á kan ojú omi. Wọ́n á máa la ẹnu, wọ́n á máa pa á dé, kò ní dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n á ká lẹ́bẹ́ wọn mọ́ra níwájú yín, wọn ò ní tẹ́ ẹ mọ́. Ẹ̀yà tí wọ́n fi ń mí á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Irú ìforíbalẹ̀ báyìí ò pọ̀ láyé. Ọ̀kan nínú Oscar méjì àkọ́kọ́ forí balẹ̀ lóru kan, kò dìde mọ́. Mo sunkún ẹja yẹn. Wọ́n ra òmíràn dípò rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, tuntun kì í sì í mọ ìjà.

Òsì yín ni Asẹ́-tó-sùn. Bí iná bá lọ, omi ò gba inú asẹ́ kọjá mọ́, afẹ́fẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ àwọn alágbàṣe tó bá ṣẹ́kù, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún 2023, ta ni yóò tan jẹnẹrétọ̀ fún ẹja? Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré oníbátìrì wà tí kò mu epo rárá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́ sókè.

Balógun Bọhóòlù, ẹlẹ́wù pupa! Omi bọhóòlù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó ní irin tó yòrò nínú rẹ̀. Bó ti ń ti ilẹ̀ bọ̀ ó mọ́, ó kan afẹ́fẹ́ tán, irin á dípẹtà, omi á wọ ẹ̀wù pupa. Ẹni tó bá gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù mọ́jú, tó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, yóò rí ìpẹtà nísàlẹ̀, yóò bu ti òkè. Nílé yìí, láti ẹnu ẹ̀rọ ló ti ń gba gíláàsì lọ ní tààrà. Àbúrò yín Aláwọ̀-ewé náà wà, tó ń jọba nínú gíláàsì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Wọ́n ní bí a bá fi aṣọ bò ó kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ń kú. Kò tó yín. Ẹ̀yin ò nílò oòrùn.

Ṣé kí n wá gbàgbé Ìyálóde Álọ́ọ̀mù? Obìnrin ilé kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kànga ló kọ́ wọn. Omi kànga dàrú, a ju álọ́ọ̀mù sí i, ìdọ̀tí dì pọ̀, ó rì, a bu omi mu. Wọ́n bá jù ú sínú gíláàsì ẹja. Ẹ rìn sísàlẹ̀ lọ sinmi, Kábíyèsí, ìsinmi ọba. Kí ló tún kàn? Álọ́ọ̀mù ń mú kí omi kan sí i, omi bọhóòlù wa sì ti ń kan tẹ́lẹ̀. Bí omi bá sì ti kan jù, àwọn alágbàṣe á sọ irinṣẹ́ sílẹ̀. Amóníà á máa kó jọ láìpariwo, torí nínú omi tó kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ní oró. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá da omi mìíràn tí kò kan sí i, gbogbo rẹ̀ á di oró lẹ́ẹ̀kan náà. Oscar á fi ẹnu gbẹ́ ilẹ̀, bí ìwà ẹbí wọn, ẹ ó sì dìde lórí ìbùsùn yín, ẹ ó gun òkè.

Ẹbí epìyà ni mò ń wí. Ẹbí tó kún odò ayé! Epìyà tí a ń dín lọ́jà, ẹbí wọn ni. Oscar láti Amazon, ẹbí wọn ni. Àwọn aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò láti adágún Malawi, ẹbí wọn náà ni. A ní tiwa nílé: Pelvicachromis pulcher, ẹja kékeré inú odò gúúsù Nàìjíríà, tí Boulenger fún lórúkọ ìwé ní 1901. Nígbà tí abo bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n dẹ̀dẹ̀. Inú ihò ló ń yé e sí, bàbá àti ìyá jọ ń da ọmọ wọn. Wọ́n ń sìn ín ní Yúróòpù, wọ́n ń sìn ín ní Éṣíà, wọ́n ń jókòó níwájú gíláàsì tó mọ́, wọ́n ń wo ikùn pupa ẹja wa. Ní Ṣáṣá, ẹ ò jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni bà á. Bí ẹnikẹ́ni bá ra ọ̀kan wálé lọ́la, ẹ̀yin ni yóò pa á mọ́, ọmọ ilẹ̀ tí àwọn aráalé ò ní rí.

Adàrúmátòrò, ọba tí kò ní olórogún!
Alé-a-ò-lọ, agbọ́n-ọ́n-kò-tán.
Ọba tí ìkánjú ń gbé sórí ìtẹ́,
tí ìkánjú ń gbé oúnjẹ wá fún,
tí ìkánjú ń pa ọ̀tá rẹ̀ fún un ní gbogbo Sátidé.

Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀tẹ̀ wà nílé. Àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì yẹn, ti gba ike oúnjẹ ẹja kúrò lórí tábìlì, ó ti kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń jù ú lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, díẹ̀ bíńtín, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kò jù ú rárá. Ìyá àgbà sunkún, ọmọ náà rọra bẹ̀ wọ́n: “Ẹ má bínú, màmá, wọ́n ti yó.” Ó bẹ Dádì títí wọ́n fi gbé Oscar kejì lọ fún ẹni tó ní adágún ẹja. Omi tó ń bu jáde kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Rọ́bà oníhò ló fi ń fa ìgbẹ́ nísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Inú omi àtijọ́ yẹn, nínú korobá, ló ti ń ṣan fóòmù díẹ̀, kò fún un, kò fi bílíìṣì kàn án, ó dá a padà pẹ̀lú pípọ́n rẹ̀. Omi bọhóòlù ń sùn nínú dúrọ́ọ̀mù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ti fi owó ọdún rẹ̀ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì. Bí wọ́n bá ní kó da gbogbo rẹ̀ nù, á kúnlẹ̀: “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe sùúrù, wọ́n ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́ ni.”

Mo rí òkúta dúdú tó wà lẹ́yìn gíláàsì lánàá. Láti iwájú ni mo ti rí i.

Kábíyèsí! Ẹ̀yin ará ilé, Dádì dà? Ẹ sáré lọ pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n ká ṣòkòtò bọ̀, kí wọ́n gbé korobá, kí wọ́n gbé bílíìṣì, kí wọ́n wá fún fóòmù yẹn títí yóò fi funfun. Ẹ ní kí wọ́n má dúró de Sátidé.